Kìnnìún Orí Ilé Wa

Mo ti ní ọ̀rọ̀ mìíràn nílẹ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ń gba owó ọjà sílẹ̀ tí wọn kì í kó ọjà wá, ṣùgbọ́n ìyẹn yóò ní sùúrù díẹ̀ ná. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, ẹnì kan gun àkàbà lọ sí iwájú ilé bàbá bàbá mi ní Odòde Ìdànrè, ó sì fi òòlù fọ́ orí kìnnìún.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe kìnnìún tí ń jẹran ni mo ń wí, kìnnìún sìmẹ́ńtì ni. Méjì ni wọ́n, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì. Wọ́n jókòó sí orí ògiri iwájú ilé ní òkè pátápátá, wọ́n na ọwọ́ síwájú, wọ́n la ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń wo ọ̀nà ọjà. Ní àárín wọn ni bàbá bàbá mi ti ní kí wọ́n kọ ọdún tí a parí ilé náà sí: 1951, nígbà tí kòkó gbówó lórí tí àgbẹ̀ Ìdànrè lè fi owó ìkórè kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí ẹ bá dé Odòde tí ẹ dárúkọ bàbá wa, ẹlòmíràn lè ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ilé Oníkìnnìún ni ẹ ń lọ, ọmọ kékeré yóò fà yín lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà.

Àbúrò bàbá mi ni ó fọ́ ọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí bàbá ni ó jẹ́ fún mi. Páànù àti ìṣó ni ó ń tà, ọjà náà kò sì tà mọ́, ọdún kẹta rèé. Ó gbààwẹ̀ títí, ó gbàdúrà títí, ni wọ́n bá sọ fún un níbì kan pé ẹranko méjì ni ó la ẹnu sílẹ̀ lórí ilé bàbá rẹ̀, àwọn ni wọ́n ń gbé ọjà rẹ̀ mì. Ó padà wá sílé, ó wòkè, ó sì rí ẹranko méjì tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀ lóòótọ́. Kí ni ẹ fẹ́ kí ó rò?

Nígbà tí wọ́n pè mí lórí fóònù tí mo sì sáré dé, orí kìnnìún apá òsì ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi. Àwọn ará àdúgbò ti pé. Ìyá Alásọ, ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, ẹni tí ó ń ta aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tí ó wà nísàlẹ̀ ilé náà, dúró tì í, ó ká ọwọ́ lérí.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni kìnnìún ṣe ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ má bínú. Òrìṣà ni. Ẹ̀yin náà ẹ wo inú Bíbélì yín, ère fífín ni wọ́n ń pè é."

"Ta ni ó bọ ọ́ rí? Ṣé o rí obì níwájú rẹ̀ rí? Ṣé o rí epo? Ẹyẹ nìkan ni èmi rí tí ń ṣu sí i lórí láti ìgbà tí mo ti dáyé."

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá mi kò rẹ́rìn-ín, Ìyá Alásọ pàápàá kò sì rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Tíṣà, ìwọ tí o ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, sọ fún wa. Òrìṣà ni àbí òrìṣà kọ́?"

Mo kálòlò. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òrìṣà, ṣùgbọ́n láti mọ nǹkan yàtọ̀ sí láti lè sọ ọ́ lójú àwọn àgbà méjì tí inú ń bí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Ìyá Alásọ ní kò burú, ó gbé àkàbà náà wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn, kí kìnnìún kejì lè rí orí rẹ̀ gbé sùn.

Ẹ gbọ́, ìbéèrè yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Odòde. Ní nǹkan bí ọdún 1125, ní ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Bernard ti Clairvaux, olórí àwọn mọ́ńkì, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dá pápá àti ọba lẹ́kun. Ó kọ ìwé ìbínú kan nípa àwọn ẹranko abàmì tí wọ́n ń gbẹ́ sí ara òpó ní ilé àwọn mọ́ńkì. Ó rí i pé àwọn mọ́ńkì yóò máa fi gbogbo ọjọ́ wo ère dípò kí wọ́n máa kàwé, owó tí wọ́n sì ń ná sí i dùn ún. Ẹ kò rí i pé bàbá mi kò dá wà?

Ṣùgbọ́n àwọn tí ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kò dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ kíláàsì yín ti rí àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Notre-Dame ní ìlú Paris, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1163, kí wọ́n sì ti bi yín pé kí ni àwọn ẹranko òkúta tí ó na ọrùn jáde lára ògiri rẹ̀ ń wá níbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Òrùlé irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ tóbi bí oko. Bí òjò bá rọ̀, omi tí yóò ti orí rẹ̀ wálẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí omi náà bá ń ṣàn gba ara ògiri, yóò máa fọ àpòpọ̀ tí a fi so òkúta pọ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, títí ògiri yóò fi gbó láti inú wá. Nítorí náà wọ́n gbẹ́ òkúta gígùn, wọ́n la ojú omi sí ẹ̀yìn rẹ̀, omi òrùlé a wọ inú rẹ̀, a gba ọ̀fun jáde ní ẹnu, a sì dà sílẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn sí ògiri. Orúkọ tí àwọn Faransé ń pè é gan-an, ọ̀rọ̀ ọ̀fun ni ó ti wá. Gọ́tà ni, ẹ̀yin ará. Gọ́tà tí a fún ní ojú àti eyín ni.

Àwọn Faransé kọ́ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é. Ní Íjíbítì, lára tẹ́ńpìlì Edfu àti ti Dendera, àwọn kìnnìún òkúta wà tí omi òjò ń gba àárín ọwọ́ wọn jáde. Àwọn Gíríìkì pẹ̀lú a máa fi orí kìnnìún sí etí òrùlé tẹ́ńpìlì wọn kí omi lè gba ẹnu rẹ̀ dà sílẹ̀. Kìnnìún ti ń ṣiṣẹ́ lórí ilé ọmọ ènìyàn kí ẹnikẹ́ni tó gbìn kòkó ní Ìdànrè.

Ohun kan wà tí ó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ Notre-Dame yìí. Àwọn abàmì ẹranko tí ó gbajúmọ̀ jù lára wọn, àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ lérán tí wọ́n ń wo ìlú láti òkè ilé aago, kò gbé omi kankan, wọn kò sì dàgbà tó ṣọ́ọ̀ṣì náà. Eugène Viollet-le-Duc ni ó fi wọ́n kún un nígbà àtúnṣe tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1844 tí wọ́n parí ní 1864. Ó wò ó pé ojú ilé náà ń fẹ́ wọn, ó sì fi wọ́n síbẹ̀. Nígbà tí iná jó òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2019, tí gbogbo ayé ń sunkún, ọ̀pọ̀ ẹni tí ń sunkún kò mọ èyí tí ó jẹ́ ogbó àti èyí tí ó jẹ́ ọmọ ọwọ́ nínú àwọn ère náà. Wọ́n tún un ṣe fún ọdún tí ó lé ní márùn-ún, wọ́n sì ṣí i padà ní oṣù kejìlá ọdún 2024.

Ẹ lè sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, kí ni ó kan ilé wa? Ẹ jẹ́ kí a gun òkè wa nígbà náà.

Ẹni tí ó bá ti gun Òkè Ìdànrè mọ̀ pé àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, àti pé ẹni tí ó bá ń fọ́nnu nísàlẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tí ó bá dé ìdajì. Lókè níbẹ̀ ni àwọn baba wa gbé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí ìlú tó ṣí wá sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin Ọwá ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn àgbàlá rẹ̀ àti òpó rẹ̀ tí a gbẹ́ ère sí. Láti 2007 ni orúkọ òkè náà ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, a ṣì ń retí ìgbà tí wọn yóò gbà á.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ ilé ìwé gun òkè náà, ọmọ kan bi mí ní ìbéèrè tí n kò gbàgbé. Ó ní, "Sà, òkúta ni ó yí wọn ká, kí ló dé tí wọ́n fi gbẹ́ igi?" Ọmọ náà lóye ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Èmi ti ń gun òkè yẹn láti kékeré, n kò rò ó rí.

Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé òkúta kò dọ́gba. Òkúta Ìdànrè le bí irin, àwọn àgbẹ́kùúta òde òní pàápàá kì í fi tìrọ̀rùn gé e. Òkúta tí wọ́n fi kọ́ Notre-Dame jẹ́ irú òkúta ẹfun, ìbátan èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Irin mímú a máa wọ̀ ọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín pẹ̀lú, níbi tí òkúta bá ti rọ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ: ẹ lọ wo Èsìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara, ère òkúta tí ó wà níbẹ̀ ju 1,000 lọ, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kó wọn sí ni ó sì kọ́kọ́ ṣí ní Nàìjíríà, ní 1945. Ṣùgbọ́n àwọn ère Èsìẹ́ kò sí lára ilé. Ní tiwa, ohun tí a fi ń ṣe ilé lẹ́wà ni igi àti amọ̀.

Ìyàtọ̀ kejì wà, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Òyìnbó fẹ́ kí omi jìnnà sí ilé. Àwa pè é wọlé. Òrùlé ààfin wa dà sínú, sí ọ̀nà àgbàlá, òjò tí ó bá rọ̀ a sọ̀kalẹ̀ sí àárín, ìkòkò a sì gbà á. Orí àpáta ni wọ́n ń gbé, omi kò ṣeé fi tàfàlà. Nítorí náà ìpẹ̀kun òrùlé tí ó yẹ kí ère wà kò sí lóde, inú ni ó wà, yí àgbàlá ká, níbi tí òpó ti gba òrùlé dúró. Ibẹ̀ ni agbẹ́gilére ti ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ni àlejò ti ń jókòó dúró de ọba, tí kò ní nǹkan mìíràn láti wò ju àwọn òpó náà lọ, kí ó tó wọlé ó ti mọ irú ilé tí òun wà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti lè ga tó, ẹ rántí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, ọmọ tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí ó kú ní 1938. Láàárín 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà báyìí: ọba jókòó tòun ti adé, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, olorì yìí sì ga ju ọba lọ, kí ẹ lè mọ ẹni tí ó gbé ilé ró. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin kan náà ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní Ìlú Ọba ní 1924. Àwọn òyìnbó rí i, wọn kò fẹ́ dá a padà mọ́. Ògògà kò ta á, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ni ó gbà dípò rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà wà ní London títí di òní. A tilẹ̀ gbọ́ nínú oríkì tí ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ ń kì í pé òun náà gbẹ́ kìnnìún kan rí, tí wọ́n gbé e lọ sí Ìlú Ọba. Ìyá Alásọ fẹ́ràn ibi yẹn nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ẹ rí i? Òyìnbó ń gbé tirẹ̀ pamọ́, àwa ń fi òòlù fọ́ tiwa."

Ṣùgbọ́n báwo ni kìnnìún ti ṣe dé orí ilé wa, nígbà tí kìnnìún kò sí nínú igbó Ìdànrè? Ẹkùn ni àwọn ọdẹ wa mọ̀. Ọ̀nà méjì ni mo rò pé ó gbà wá.

Ọ̀nà kìíní ni ti àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n sì padà wá sí Èkó àti Àjàṣẹ́ àti Wídà, pàápàá láti ìgbà tí wàhálà ti ṣẹlẹ̀ ní Bahia ní 1835. Bíríkìlà àti káfíńtà pọ̀ nínú wọn. João Baptista da Costa, tí ó kọ́ mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní Èkó ní 1894, ọ̀kan nínú wọn ni. Wọ́n gba ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ gba ọmọ iṣẹ́, títí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a fi sìmẹ́ńtì ya òdòdó sí lójú fi dé Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn, Oǹdó, àti àwọn ìlú kòkó gbogbo. Òpó igi lọ, òpó sìmẹ́ńtì dé, ère tí ó wà lára òpó sì bá ti rẹ̀ lọ sí orí ògiri. Ulli Beier kọ̀wé nípa àwọn kìnnìún sìmẹ́ńtì wọ̀nyí nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1960, òun òyìnbó rí i pé iṣẹ́ ọnà ni, nígbà tí àwa onílé ṣì ń rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Ọ̀nà kejì ni ti ìjọba àti Bíbélì. Kìnnìún ọba Gẹ̀ẹ́sì wà lára ìwé ìjọba, Kìnnìún Júdà wà nínú ìwàásù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun ti di ènìyàn, kìnnìún ni yóò fi sọ ọ́. Ọba Glèlè ti Dàhómì, ẹni tí ó jọba láti 1858 sí 1889, lo kìnnìún gẹ́gẹ́ bí àmì orúkọ rẹ̀. Ó wà lára ògiri amọ̀ ààfin ní Abomey, níbi tí wọ́n ti fi amọ̀ ya ìtàn àwọn ọba sí ara ilé. Ẹni tí kò mọ ìwé a wo ògiri, a sì ka orúkọ ọba. Bàbá bàbá mi kò mọ ìwé. Àtàǹpàkò ni ó ń tẹ̀ ní ilé àwọn tí ń ra kòkó. Kìnnìún méjì yẹn ni ìwé tí òun kọ.

Èyí ni mo lọ sọ fún àwọn méjèèjì ní alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè. Bàbá mi gbọ́ ọ tán, ó mi kanlẹ̀. Ó ní, "O sọ̀rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìwé kò san gbèsè. Ilé yìí ti gbó, páànù ti jò, a kò rí ẹni tí yóò tún un ṣe. Bí a bá wó o tí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà síwájú, gbogbo wa ni yóò jẹ níbẹ̀." Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ òrìṣà lọ. N kò sì lè sọ pé irọ́ ni ó pa. Gbogbo wa ni a ti fi ilé náà sílẹ̀. Ní ọdún tí a ṣe ìrántí ìyá àgbà, mo rí i fúnra mi pé ọrùn kìnnìún apá òsì ti là. Mo ní ó yẹ kí a pe bíríkìlà. Mo sọ ọ́, mo sì wọ ọkọ̀ lọ. Kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni a ń wí yìí. Ilojo Bar ní Èkó, ilé àwọn Fernandez tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1855, ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Òfin wà lórí rẹ̀ fún 60 ọdún. Katakata wó o ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Bí òfin kò bá gba ilé yẹn, ta ni yóò gba Ilé Oníkìnnìún?

Ìyá Alásọ kò dá sí ọ̀rọ̀ ọba àti ọ̀rọ̀ Àgùdà. Tirẹ̀ kúrú. Ó ní, "Àwọn oníbàárà mi ti Àkúrẹ́ kò mọ orúkọ òpópónà yìí. Kìnnìún ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń yà. Bí ẹ bá wó kìnnìún, ẹ wó mi."

Òjò rọ̀ ní òru ọjọ́ Túsìdé. Ní òwúrọ̀, Ìyá Alásọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó bá omi nílẹ̀, ó sì bá ògiri tí ó ti mu omi yó láti òkè wá. Aṣọ àǹkárá méje tí ó wà lórí pẹpẹ tí ó kan ògiri náà ti rin gbingbin, léèsì kan sì ti bàjẹ́ pátápátá. A pe bíríkìlà àgbà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ti lé ní 50 ọdún. Ó gòkè, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó ní kí gbogbo wa wá.

Ó ní ilé náà kì í ṣe ilé búlọ́ọ̀kù. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lóde. Àyà kìnnìún ni ó bo orí ògiri níbi tí amọ̀ ti parí. Ìgbà tí wọ́n lu orí rẹ̀, àyà náà sán, ojú amọ̀ sì ṣí sílẹ̀, òjò rí ọ̀nà. Ó ní, "Kìnnìún yìí ni fìlà ilé yín."

Ó tún fi irin kan hàn wá tí ó fà yọ nínú ọrùn tí ó ṣẹ́. Ó ní bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí: wọn yóò ri irin mọ́ ògiri, wọn yóò fi wáyà dì í, wọn yóò kó àkúfọ́ bíríkì jọ bo ara rẹ̀ títí yóò fi jọ ẹranko. Wọn yóò wá da àpòpọ̀ tí kò kúnná bò ó, lọ́jọ́ kejì wọn yóò fi èyí tí a fi yanrìn sísẹ́ pò rẹ́ ẹ. Ìṣó àti ṣíbí ni wọ́n fi ń ya irun ọrùn rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Lẹ́yìn náà wọn yóò fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ mélòó kan, wọn yóò máa wọ́n omi sí i, kí oòrùn má bàa là á. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti rí ọ̀nà kékeré dé ibi irin, irin a dípẹtà, irin tí ó bá sì dípẹtà a máa wú, a sì la sìmẹ́ńtì láti inú. Ó yíjú sí bàbá mi, ó ní, "Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sà. Ẹ kàn bá a parí rẹ̀ ni."

Bàbá mi kò dáhùn. Ó ń wo léèsì tí ó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bíríkìlà ní òun lè ṣe orí mìíràn, ṣùgbọ́n òun fẹ́ rí bí ti àtijọ́ ti rí, nítorí imú rẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́, òun kò sì fẹ́ ṣe ohun tí yóò jọ ajá. A bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwòrán. Ẹ̀yin ará, mo pe ọmọ méje tí wọ́n ní fóònù. Gbogbo wọn ni wọ́n ti ya àwòrán níwájú ilé yẹn ní ọjọ́ Kérésìmesì àti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ojú tiwọn ni ó kún inú gbogbo rẹ̀. Ní gbogbo rẹ̀, ibi èékánná ọwọ́ kìnnìún ni àwòrán ti parí. Ìyá Alásọ ní òun kò ní òmíràn. Èmi náà kò ní. A fi tapólì bo ibi tí ó ṣí sílẹ̀, olúkúlùkù sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Alásọ, orí kìnnìún wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ nínú àpò ìrẹsì. Bàbá mi wọlé. Kò jókòó. Ó mú àpò ìwé kan jáde láti abẹ́ apá, ó sì fa àwòrán dúdú àti funfun kan yọ, etí rẹ̀ ti ń já. Òun ni ó dúró níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn. Ẹni tí ó ya àwòrán náà ti sún mọ́ ẹ̀yìn dáadáa, ilé náà hàn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kìnnìún méjèèjì sì yọ kedere, imú, irun ọrùn, eyín gbogbo.

Ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ bá mi sọ fún bíríkìlà yín pé kí ó dá a padà o. Kí ó má jẹ́ kí sìmẹ́ńtì kàn án. Òun nìkan ni mo ní."